Bíréèkì Ìyálé

Pẹ́dà náà tún rì lábẹ́ ẹsẹ̀ Fèyí. Ó lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn tẹ ẹ̀kọ tí kò tíì dì, títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀.

"Dì í mú," bàbá rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀.

"Mo ti dì í mú, Dádì."

"Má gbẹ́sẹ̀ kúrò o."

Kò gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ó gbọ́ tí sípánà dún, ó gbọ́ tí ọ́ìlì ń kán sínú ìgò, ó sì gbọ́ tí bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀. Oòrùn Gwagwalada ti gba ojú gíláàsì wọlé, ó ń ta á lójú, kò sì sí bó ṣe fẹ́ yí ara padà nínú àga tóóró yẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń ro ó dé ìbàdí.

"Ó yá, fi sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Pẹ́dà gòkè bọ̀ tìkọ̀tìkọ̀, kò sí agbára kankan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á jókòó sáyè awakọ̀, á máa tẹ bíréèkì. Ẹnì kejì á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa tú ẹnu-afẹ́fẹ́, ìyẹn ìdè kékeré tí wọ́n ṣe sára kálípà kí afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ́ìlì lè ríbi jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tán, pẹ́dà á le koko. Bí kò bá tán, ẹsẹ̀ á kàn máa rì ni. Láti ẹ̀yìn Kérésì, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ Fèyí ń rì. "Ìwọ jókòó sókè," ni Dádì máa ń wí, Fèyí á sì jókòó.

"Ó ṣì rọ̀?" Dádì bèèrè.

"Ó rọ̀, Dádì."

"Afẹ́fẹ́ ṣì wà ńbẹ̀ nìyẹn." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bíi dókítà tó ń ní kí aláìsàn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyálé ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ìyá Fèyí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ rẹ̀ kí òun tó wọlé. Ọkọ̀ eléré ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú. Dádì rà á ní Kàdúná nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Òun náà ló fi gbé ìyàwó láti Kàbbà. Lẹ́yìn náà ọmọ dé, owó ilé-ìwé dé, Ìyálé sì wọ abẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń jẹ ìpẹtà níbẹ̀. Ìgbà tí ìyá Fèyí kú ni Dádì ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, tó ní òun á tún un ṣe bọ̀ sípò.

Inú Fèyí dùn sí i nígbà náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní Kánádà, wọ́n ń pè lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì máa ń fi parí ọ̀rọ̀: "Ṣebí Fèyí wà ńbẹ̀." Fèyí wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì láàárọ̀, ó ń se ọbẹ̀ Dádì lálẹ́, ó sì ń bá a di bíréèkì mú ní Sátidé. Ó sàn kí bàbá ẹni máa dọ̀tí mọ́ ìdí ọkọ̀ ju kó máa wo ògiri lọ.

Àfi ìgbà tí Ọbayẹmí, àfẹ́sọ́nà Fèyí, wá tọrọ rẹ̀. Lójú gbogbo ẹbí, Dádì dìde, ó ní ọkọ̀ tí òun fi gbé ìyá Fèyí wọlé ni òun fúnra òun yóò wà, tí òun yóò fi gbé Fèyí fún ọkọ. Àwọn àna pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà lé e lórí, gbogbo ilé ṣe àmín. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti tì. Ta ni yóò wá sọ fún bàbá ìyàwó pé kó jẹ́ kí wọ́n háyà ọkọ̀ mìíràn? Ọmọ kankan ò lè sọ ọ́, àna kankan ò sì lè dán an wò. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ọdún kan lọ. Wọ́n kun ún, ọdún mìíràn lọ. Nígbà tó kù kó jáde, Dádì ní bíréèkì àtijọ́ yẹn kò lè dá ọkọ̀ dúró láàárín tírélà ojú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, pé dísìkì ńlá àti kálípà tó lágbára ni òun fẹ́. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni.

Lónìí, àwọn èèyàn Ọbayẹmí ń padà bọ̀ wá bèèrè ọjọ́. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Idu ti ní kó máa lọ sí Ìbàdàn níparí oṣù. Ó ti sọ fún Fèyí pé àwọn àgbà ilé òun ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá bàbá yìí kò fẹ́ fún wọn lọ́mọ ni.

Dádì yọrí láti abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì ti ta sí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. "Másítà ló ń dà á láàmú," ó wí, ìyẹn pọ́ńpù tó ń ti ọ́ìlì lọ síbi táyà. "Màá lọ wo àlòkù kan ní Zuba."

"Lónìí, Dádì?"

"Kí ló dé lónìí?"

"Aago mẹ́rin ni àwọn ará ilé Ọbayẹmí ń bọ̀."

"Màá ti dé kó tó di aago mẹ́rin."

"Kí lẹ máa wá sọ fún wọn?"

Ó ń fi àkísà nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wò ó. "Òótọ́ náà ni. Ṣé kí n gbé ọmọ mi sínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì?"

Fèyí jókòó sínú Ìyálé, ọwọ́ rẹ̀ lórí síárìn, títí tó fi gbọ́ tí géètì dún tí Dádì jáde. Ògiri ọgbà yẹn ga, Dádì ló ní kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kún un nígbà tí olè pọ̀ ládùúgbò. Láti àga awakọ̀, òun nìkan ni èèyàn ń rí níwájú, àti géètì dúdú.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọbayẹmí ni.

"Ṣé ó ti le?" Bó ṣe máa ń kí i nìyẹn báyìí, ẹ̀fẹ̀ ni níbẹ̀rẹ̀.

"Kò tíì le."

"Fèyí, bí wọn ò bá dá ọjọ́ lónìí, n ò mọ ohun tí màá sọ fáwọn èèyàn mi mọ́ o. Mi ò bínú sí ẹ. Ó ti sú mi ni."

"Mo ti gbọ́," ó wí. Ó ti sú òun náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ó bọ́ sílẹ̀ láti palẹ̀ mọ́, kí àlejò má baà bá irinṣẹ́ káàkiri. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀, kò sì fẹ́ kó ba ara Ìyálé jẹ́. Nítorí náà ó mú àkísà, ó dùbúlẹ̀ sórí páálí tí Dádì ń lò, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn dísìkì láti nu ibi tó ti kán. Wọ́n ti tú táyà rẹ̀ kúrò, Ìyálé jókòó lórí jáàkì àti búlọ́ọ̀kù. Ohun gbogbo mọ́lẹ̀ kedere.

Ẹnu-afẹ́fẹ́ kọjú sílẹ̀.

Ó nu ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Kálípà ni ẹ̀mú irin tó máa ń fún dísìkì pọ̀ tí ọkọ̀ fi ń dúró. Ó ní ti ọ̀tún, ó ní ti òsì. Bí olúkúlùkù bá wà láyè rẹ̀, ẹnu-afẹ́fẹ́ á wà lókè pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ máa ń kóra jọ sí. Bí wọ́n bá gbé ti ọ̀tún sí òsì, á wọlé, nọ́ọ̀tì á mú, ṣùgbọ́n ẹnu-afẹ́fẹ́ á dorí kodò. Ọ́ìlì nìkan ni yóò máa gba ibẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ á jókòó sókè níbẹ̀, kò ní rí ọ̀nà, èèyàn ìbáà tẹ pẹ́dà di ọdún tó ń bọ̀.

Ó rákò lọ sí apá kejì. Bákan náà ni.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé Dádì ti darúgbó. Àánú ṣe é. Ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan yìí gan-an nígbà tó wà ní pírámárì, tó bu omi sínú ìgò, tó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń dà á lórí kodò níwájú rẹ̀. "Níbo ni afẹ́fẹ́ lọ?" "Òkè, Dádì." Ó tún dà á. "Níbo ló lọ?" "Òkè náà ni, Dádì." Bàbá tó mọ nǹkan tó báyẹn, ṣé ó ti ń gbàgbé ọ̀tún àti òsì?

Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀dà funfun.

Dádì kì í tú ohunkóhun láì sàmì sí i. Ọ̀dà kékeré tí àwọn akọ̀wé fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí ìwé ló máa ń lò. Ìwà ọ́fíìsì ni, kò fi í sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra kálípà yìí ní Zuba, Fèyí ló di ìgò ọ̀dà mú tí Dádì fi kọ "ọ̀tún" sára ọ̀kan, tó kọ "òsì" sára èkejì. Nísinsìnyí, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ ha ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n irin náà rí ṣákiṣàki, ọ̀dà ṣì kù sínú àwọn ihò rẹ̀. "Ọ̀tún" ló wà lára èyí tó wà ní òsì. Ó fi èékánná tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àṣìṣe kọ́. Ta ló ń fi ọ̀bẹ ha àṣìṣe?

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín burúkú kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ó bí i débi pé ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Gbogbo Sátidé yẹn. "Dì í mú. Má gbẹ́sẹ̀ kúrò." Ó sì ń gbọ́ràn. Dádì dùbúlẹ̀ síbí, ó ń tú ìdè, ó ń dì í, ó mọ̀ dájú pé afẹ́fẹ́ kò ní jáde, ó sì ń pè é pé kó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó mú fóònù láti pe Ọbayẹmí, ó tún gbé e kalẹ̀. Kí ló fẹ́ wí? Pé bàbá òun ń tan gbogbo wọn? Ọ̀rọ̀ yẹn, bó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú ilé ọkọ ni yóò máa gbé títí láé, wọn yóò máa wo Dádì pẹ̀lú rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Kò sì lè sọ ọ́ lójú Dádì náà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í wo ojú bàbá rẹ̀ kó ní irọ́ ni ẹ ń pa. Ohun tó le jù tó lè sọ ni "Ẹ tún un wò, Dádì," Dádì á sì tún un wò, á ní másítà ni.

Ó mú sípánà.

Ó ti tú kálípà méjèèjì sílẹ̀, ó ti ń dè wọ́n mọ́ àyè wọn gan-an, nígbà tí géètì dún. Àǹtí Àwẹ̀ró, àbúrò Dádì, ló wọlé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ kan àti báàgì lọ́wọ́ kejì, ìró àǹkárá rẹ̀ ṣì ń rùn fún káńfọ̀. Kàbbà ló ti wá láti àná, ilé ọmọ rẹ̀ ní Kúbwà ló sùn.

"Okun o," ó kí i lóhùn Kàbbà. Ó wo ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ ọkọ̀. "Fèyí? Kí lo ń ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àna ń bọ̀?"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó sínú ọkọ̀."

"Èmi?"

"Ẹ máa bá mi tẹ bíréèkì ni. N ò lè dá a ṣe."

Àǹtí Àwẹ̀ró sọ kúlà kalẹ̀. "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ sí i?"

Fèyí kọjú sí sípánà ọwọ́ rẹ̀. Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lójú lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, ó sì rí ohun kan tó mú kó dìde láì bèèrè mọ́. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì kó ara rẹ̀ sínú àga Ìyálé pẹ̀lú ìkérora. "Ọkọ̀ yìí ò mọ̀ pé èèyàn ń dàgbà," ó wí. "Èwo ni kí n tẹ̀?"

"Ti àárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú."

"Mo ti dì í mú."

Fèyí tú ìdè. Afẹ́fẹ́ sọ jáde pù-ù nínú ọ́ìlì, ìfóòfó sì kún inú ìgò. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó dún.

Wọ́n ń ṣe é lọ, wọ́n ń ṣe é bọ̀. Láàárín "ẹ dì í mú" kan àti "ẹ fi sílẹ̀" kan, Àǹtí sọ̀rọ̀ láti òkè, jẹ́jẹ́. "Nígbà tí ìyá rẹ kú, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá máa bá mi gbé nílé. Yàrá wà. Ó ní òun ò lè fi ìwọ nìkan sílẹ̀ níbí."

Ọwọ́ Fèyí dúró lórí sípánà. "Èmi?"

"Ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní o ò ní ẹlòmíràn. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni àbí kí n ṣì dì í mú?"

"Ẹ ṣì dì í mú, mà."

Ìfóòfó ń dín kù. Ó wá ku ọ́ìlì nìkan, ó mọ́ rekete. Fèyí di ìdè tó kẹ́yìn, ó ní kí Àǹtí tún tẹ̀ ẹ́.

"Kò lọ mọ́ o," Àǹtí wí. Ẹ̀rù hàn nínú ohùn rẹ̀. "Mo ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ẹ ò bà á jẹ́." Omi ń bọ́ lójú Fèyí, ó ń ṣàn lọ sínú etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì dúpẹ́ pé abẹ́ ọkọ̀ lòun wà.

Dádì dé nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Ìyálé ti dúró lórí táyà rẹ̀, jáàkì ti kúrò, Àǹtí ti wọ kíṣìnnì lọ. Fèyí ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ṣì dúdú sábẹ́ èékánná rẹ̀. Dádì wo táyà, ó wo èékánná, ó wo náílọ́ọ̀nù tó fi wé másítà tó rà bọ̀, tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn Ìyálé, ó jókòó, ó tẹ pẹ́dà.

Fèyí rí bí ejìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo géètì níwájú.

"Ta ló bá ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Àǹtí ni, sà."

"Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. "Ìwọ lo tú u?"

"Èmi ni."

Fèyí dúró kó bi òun ní ohun tó rí. Gbogbo ara rẹ̀ ti múra de ìbéèrè yẹn. Dádì kò bi í. Ó fi ọwọ́ pa orí síárìn, níbi tí awọ rẹ̀ ti jẹ tán.

"Ilé yìí tóbi, Fèyí," ó wí.

"Mo mọ̀, Dádì."

Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gidigidi lákòókò yẹn, inú sì ṣì ń bí i. Méjèèjì jókòó sáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó fẹ́ sún fún èkejì.

Géètì dún. Àwọn àna ti dé: Ọbayẹmí nínú bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ kó le, ìyá rẹ̀, àti Bàbá Ọlásúnkànmí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Bàbá Ọlásúnkànmí, bó ṣe máa ń ṣe é, dúró níwájú Ìyálé kó tó wọlé, ó fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Àna wa, ìyàwó yín àgbà yìí ńkọ́? Ṣé ó ti gbà láti rìn, àbí ká máa padà bọ̀ lẹ́yìn ìkórè?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọbayẹmí ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́?" Dádì wí.

Ẹ̀rín náà gé lẹ́nu Bàbá Ọlásúnkànmí. Ó ti kó ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ wá, kò mú ọjọ́ kankan wá. Ó yíjú sí ìyá Ọbayẹmí, ìyá Ọbayẹmí yíjú sí Ọbayẹmí.

"Ẹ fojú sí Sátidé kan nínú oṣù tó ń bọ̀," Dádì wí. "Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Fèyí, wọlé, jẹ́ ká fi hàn wọ́n."

Fèyí wọ ẹ̀gbẹ́ kejì, àyè ìyá rẹ̀ tí òun kò jókòó sí rí. Dádì ṣáná sí Ìyálé. Ọkọ̀ náà bú, ó gbọ̀n, ó sì jáde láti abẹ́ páànù sínú oòrùn. Ọgbà náà kò gùn. Dádì tẹná mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ, géètì dúdú ń bọ̀, ó ń tóbi sí i, Fèyí sì rí ọwọ́ Dádì tó le gbagidi lórí síárìn. Ó wá tẹ bíréèkì.

Ìyálé dúró gbọnin. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin géètì.

Lẹ́yìn wọn, àwọn àna pàtẹ́wọ́. Àǹtí Àwẹ̀ró ń pariwo orin láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Dádì pa ẹ́ńjìnnì, ó sì rọra mí síta. "Ó dúró," ó wí fún ara rẹ̀.

Fèyí kò dá a lóhùn. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, níbi tí kò sí pẹ́dà kankan. Ó rántí pé láàárín ọ̀sán kan péré lòun fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn tán. Láti ẹ̀yìn Kérésì ni pẹ́dà ti ń sọ fún un pé nǹkan kan kò tọ́, láti pírámárì ló sì ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí Dádì ní kó má bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. "Ìwọ jókòó sókè" ni gbogbo ohun tó ń wí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yàn láti jókòó.

Ọbayẹmí ti ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti wá ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní kí ẹsẹ̀ náà gbéra. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ tirẹ̀.